Ìdọ̀tí Ìyálé

Oṣù mẹ́rin ni mo fi kan ọkọ̀ ojú irin náà. Oṣù méje ni mo fi kó ìdọ̀tí sí i lára.

Iṣẹ́ kejì ló le jù.

Agolo mílíìkì ni mo gé fún ara rẹ̀. Òjé ni mo fi jó wọn pọ̀. Igi ìrókò ni mo fi gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gùn tó apá mi, láti ìgbúnwọ́ dé ọmọ ìka. Nígbà tí mo fi ọ̀dà dúdú kùn ún tán, ó ń dán bí bàtà ọlọ́pàá. Gbogbo àdúgbò wa ní Ìkìrun wá wò ó, wọ́n ní ó dára. Èmi mọ̀ pé kò dára. Ọkọ̀ ojú irin tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í dán. Inú àwòrán ni èyí tó ń dán máa ń wà.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jẹ́ fáyámàn ní rélùwéè. Fáyámàn ni ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná, kí omi lè hó, kí ooru omi náà lè ti ọkọ̀ síwájú. Ẹ́ńjìnì kan ni mo bá ṣiṣẹ́ jù. Ó ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n Ìyálé ni à ń pè é. Ó dàgbà ju gbogbo ẹ́ńjìnì yòókù lọ, kì í gbọ́ràn, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó wa ni ìyàwó mi, Rẹ̀mílẹ́kún, gbọ́ orúkọ yìí. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé orogún òun ni. Bí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́, á gbé oúnjẹ síwájú mi, á ní, "Ìyálé ńkọ́? Ṣé ó ti yó?"

Ìyálé kékeré tí mo kàn yìí kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹjọ́ ni mo fẹ́ fi rò.

Ẹjọ́ náà nìyí. Ní ọdún 1974, èmi àti ọ̀gá mi Titus, ẹni tó ń wa Ìyálé, kó èrò láti Òṣogbo. Òkè kan wà lẹ́yìn Ìnísà kí á tó dé Òkukù. Kò ga. Ewúrẹ́ á gùn ún, kò ní mí hẹlẹ. A gùn ún dé ìdajì, Ìyálé dúró. Èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń bú wa, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Òkukù. Ọ̀gá mi kọ ìwé sí àwọn àgbà níbi iṣẹ́. Ó ní fáyámàn sùn, iná sì kú.

N kò sùn.

Wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀ lórí Ìyálé. Ọgbà ni mo ń gbá títí mo fi fẹ̀yìntì. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Èyí tí n kò rí gbé mì ni ti ẹgbẹ́. A dá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì sílẹ̀ ní Òkukù, wọ́n fi Titus ṣe alága. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Disẹ́ńbà, a máa ń pàdé ní ibùdókọ̀ ojú irin. A ó gbàdúrà, a ó jẹ ìrẹsì. Bí a bá jẹun tán, ẹnì kan á ní, "Alága, ẹ sọ ti fáyámàn tó sùn."

Titus á dìde. Ó mọ ìtàn sọ. Á hanrun bí ẹni pé èmi ni. Á ṣe bí ewúrẹ́ kan ṣe gun òkè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó bojú wẹ̀yìn, tó mi orí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn. Èmi náà á jókòó níbẹ̀, n ó máa jẹ ìrẹsì mi.

Ọdún mẹ́wàá ni mo fi jẹ ìrẹsì náà.

Èmi kì í ṣe ẹlẹ́nu. Bí mo bá ní kí n bá Titus fa ọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ, kí n tó parí gbólóhùn kan á ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wá rò ó pé ìdọ̀tí mọ ẹjọ́ rò jù mí lọ.

Ẹni tó bá ti bá ẹ́ńjìnì gbé mọ̀ pé kò sí ìdọ̀tí kan lára rẹ̀ tí kò nídìí. Èéfín ló mú orí rẹ̀ dúdú. Eruku ọ̀nà ló mú ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n. Ibi tí ọwọ́ bá ti ń dì í mú lójoojúmọ́ ni ọ̀dà ti ń bó. Ibi tí omi bá sì ti ń jò, omi á gbẹ, á fi ìlà funfun sílẹ̀. Ìyálé ní ìlà funfun kan. Ìdí fèrè tó wà lórí rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wọ́ wá sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tèmi. Titus kò rí i rí, ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń jókòó sí. Titus fẹ́ràn fèrè. Ó fa okùn rẹ̀ títí ìdí fèrè fi jẹ, kò padé dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ òkè yẹn, ó fọn ọ́n láti ilé àkọ́kọ́ ní Ìnísà dé ilé ìkẹyìn. Ooru tí ì bá gbé wa gun òkè, fèrè ló gbé e lọ.

Ìlà funfun yẹn ni ẹlẹ́rìí mi. Titus ni mo fẹ́ kó rí i, ní ọjọ́ ìpàdé, níṣojú gbogbo wọn.

Nítorí náà mo ṣe é bó ti tọ́. Mo fi ọ̀bẹ họ dúdú ìdí ìkòkò, mo pò ó mọ́ kẹrosíìnì, mo fi ìyẹ́ adìẹ tọ́ ọ sí i lára, mo sì fi àkísà nù ún kúrò láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òjò ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Mo rẹ ìṣó sínú omi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ títí wọ́n fi dípẹtà, mo fi omi ìpẹtà náà sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Mo fi ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dànù ra ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fi yanrìn ha ọ̀dà kúrò níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Ẹfun ni mo fi fa ìlà funfun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pa á rẹ́ tí mo tún un fà. Ó ń tọ́ jù.

Rẹ̀mílẹ́kún ń wò mí. Ẹgbẹ́ obìnrin tó ń tún inú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ṣe ló wà. Kò sí idẹ kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà tí kò tíì fi eérú àti ọsàn fọ̀.

"Bàbá Adéọlá," ó ní, "àwọn ọkọ ẹlẹgbẹ́ mi ń tún nǹkan ṣe. Tèmi ń bà á jẹ́."

"Kò bàjẹ́."

"Ṣebí ó ń dán lóṣù tó kọjá?"

"Ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀ nìyẹn."

Ó wò mí títí. "Bí àlejò bá dé, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ o. Kí wọ́n má rò pé inú ilé mi ló ti rí bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ ìpàdé pé, ní Disẹ́ńbà ọdún 1991. Mo lọ fá irun láàárọ̀. Nígbà tí mo padà dé, Ìyálé wà lórí aṣọ funfun nínú oòrùn. Ó ń dán. Mo rí ojú ara mi nínú ikùn rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún dúró tì í, ó ti wọ aṣọ òde.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ẹ ṣáà wò ó."

Mo fi ìka nu orí rẹ̀. Ìka náà mọ́.

"Eérú ni mo kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, kò kúrò. Mo bu Omo sí i, kò kúrò. Ni mo bá gbé ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn. Ó sá!"

"Kí ló dé?" ni mo bi í.

"Kí ló dé kẹ̀? Ẹ fẹ́ gbé e lọ sáàárín èrò ní ìdọ̀tí? Wọn ò ní bèèrè ọkọ. 'Ìyàwó ẹ̀ dà?' ni wọ́n á máa bèèrè. Ìyálé mi kọ́ ni? Bí ìyálé bá ń lọ òde, ta ló ń pọn omi fún un? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń jowú ẹ̀. Mo ní kí n dárí jì í lónìí. Mo wẹ̀ ẹ́, mo sì fi àdín pa á."

Òótọ́ ni. Ó ń rùn bí ọmọ tuntun.

"Ìkòkò dúdú dà?" ni mo ní.

"Mo fọ ìyẹn náà. Nígbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò lè dúró mọ́."

"Ọ́ìlì ńkọ́?"

"Mo dà á nù."

"Ẹfun?"

"Adéọlá ní kí n kó o sọnù nígbà tó wá lọ́jọ́sí. Ó ní ohun òrìṣà ni."

Aago mẹ́sàn-án ti lù. Aago méjìlá ni ìpàdé. Ẹni tó bá fi ìfẹ́ ṣe ọ́ níbi, kò ṣeé bá jà. Mo ní, "O ṣé."

Ó ní, "Kò tọ́pẹ́."

Ó fi aṣọ funfun wé Ìyálé, ó gbé e fún mi. Ó rẹ àkísà kan sínú omi, ó fi í sínú ọ̀rá, ó ní nítorí eruku ọ̀nà ni. A lọ sí ibùdókọ̀ ní Ìkìrun. Mọ́tò awakọ̀ kan, Bọ́lájí, ló ń lọ sí Òkukù, ṣùgbọ́n kò tíì kún. Rẹ̀mílẹ́kún wọlé jókòó. Mo dúró, mo wo mọ́tò náà yíká. Ọ̀dà rẹ̀ kò pọ̀ tó ìpẹtà rẹ̀. Páìpù èéfín rẹ̀ dúdú bí ọkàn ìkà. Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo lọ sẹ́yìn mọ́tò, mo kúnlẹ̀, mo tú aṣọ funfun díẹ̀, mo ti ìka bọ inú páìpù. Dúdú rẹ̀ kúnná ju ti ìdí ìkòkò lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra orí Ìyálé.

"Bàbá! Kí lẹ ń ṣe nídìí mọ́tò mi?" Bọ́lájí ló dúró sórí mi yẹn.

"Mo ń mú dúdú."

"Dúdú kí ni?"

"Èyí tó wà ńbẹ̀."

Ó wo aṣọ funfun. Ó wo ìka mi. Ó fà sẹ́yìn. "Kí lẹ wé sínú aṣọ yẹn?"

"Ìyálé."

"Ẹ̀yin èrò!" ni Bọ́lájí pariwo. "Ẹ bọ́ sílẹ̀! Ẹ wá ràn mí lọ́wọ́ o! Bàbá yìí ti wé ìyálé ẹ̀ sínú aṣọ funfun!"

Èrò tú jáde. Obìnrin kan ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Rẹ̀mílẹ́kún sọ̀kalẹ̀ kẹ́yìn, ó sì rí Ìyálé.

"Bàbá Adéọlá! Orí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀!"

Ìgbà náà ni ara wọn tó balẹ̀. Ó fi hàn wọ́n pé ọkọ̀ ojú irin lásán ni. Ó ní ọkọ òun kàn fẹ́ kó máa dọ̀tí ni. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun ṣe fún un.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ni wọ́n ń wí. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó lu aya rẹ̀.

Mo fi èékánná họ ìpẹtà níbi ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ má họ ibẹ̀ yẹn!" ni Bọ́lájí wí. "Ìpẹtà yẹn ló di ilẹ̀kùn mú!"

"Díẹ̀ ni mo fẹ́."

"Díẹ̀ yẹn gan-an ló dì í mú!"

Bàbá àgbẹ̀ kan láti Ìbà fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ wá síwájú. Ó tẹjú mọ́ Ìyálé. "Mo mọ èyí," ó ní. "Ó ba iṣu mi jẹ́ lọ́dún kan. Ọjọ́ méjì ló fi gbé e dúró." Ó fi ẹnu júwe iwájú rẹ̀. "Àmọ́ iwájú ẹ̀ dúdú ju báyìí lọ."

"Ẹ jẹ́ n fi kún un," ni mo wí.

"Ẹ fi kún un. Ó tún kù lápá òsì. Ẹ̀yin ò rí i pé ó kù lápá òsì?"

Ọ̀rọ̀ wá di ti gbogbo ayé. Ẹnì kan ní ó ti tó, ẹnì kan ní kò tó. Bọ́lájí fúnra rẹ̀ lọ bu ọ́ìlì dúdú wá nídìí ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá máa ba nǹkan jẹ́, kí wọ́n bà á jẹ́ dáadáa.

A gbéra. Ọyẹ́ ti dé, eruku gba ọ̀nà kan. Mo gbé Ìyálé sí ojú fèrèsé, mo kọjú rẹ̀ síwájú. Àdín tí Rẹ̀mílẹ́kún fi pa á ń mú eruku bí àtè ṣe ń mú ẹyẹ. Ó pọ̀ níwájú, ó ń ṣá lọ sẹ́yìn, ó pọ́n nídìí ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó rí. Oṣù méje ni mo fi wá irú rẹ̀. N kò sọ fún un pé àdín ni.

Rẹ̀mílẹ́kún fa àkísà rẹ̀ yọ. "Ẹ jẹ́ kí n kàn nu ojú ẹ̀."

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀!" ni gbogbo mọ́tò pa pọ̀ wí.

Ìlà funfun ló kù. Adéọlá, ọmọ wa, tó fẹ́ bá wa dé ìpàdé, dúró dè wá lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìnísà. Tíṣà ni níbẹ̀, ìjọ tó ń fi gbogbo òru gbàdúrà ló sì ń lọ. Ó wọlé, ó kí wa, ó jókòó.

"Adéọlá, bá mi wá ẹfun," ni mo wí.

"Dádì! Ẹfun kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ohunkóhun tó bá ti funfun."

Ó tú báàgì rẹ̀. "Ṣọ́ọ̀kì nìkan ló wà níbí."

Mo gba ṣọ́ọ̀kì, mo rún un, mo fi itọ́ pò ó, mo fi igi ìṣáná bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà láti ìdí fèrè. Mọ́tò bọ́ sínú kòtò. Ọwọ́ mi yẹ̀. Ó tún bọ́ sínú òmíràn. Nígbà tí mo fà á dé ìsàlẹ̀, ìlà náà wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mí. Lẹ́yìn náà ni mo wò ó dáadáa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ìyálé kì í dúró jẹ́ẹ́ nígbà tó bá ń sáré. Orí tábìlì tí kò mì ni mo ti ń fà á nílé, ìyẹn ni kò fi jọ.

Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ ní Òkukù, bàbá àgbẹ̀ láti Ìbà ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé iṣu mi ṣì wà lọ́rùn ẹ̀."

Àwọn ẹgbẹ́ ti pé. Wọ́n ti to fìtílà àtijọ́, àsíá àti fìlà iṣẹ́ sórí tábìlì kan. Inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n máa kó wọn sí bí ìpàdé bá parí. Mo gbé Ìyálé sí àárín wọn. Ẹnì kan kọ orúkọ rẹ̀ àti tèmi sórí páálí kékeré, ó fi sí iwájú rẹ̀: *Ìyálé. Olúwọlé ló ṣe é.* A gbàdúrà. Ìyàwó Titus, Ọmọ́dára, ń pín ìrẹsì. A jẹun tán.

"Alága, ẹ sọ ti fáyámàn tó sùn!"

Titus dìde. Ó ti darúgbó, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó la ẹnu láti hanrun. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì.

Ó pa ẹnu dé.

Ó rìn lọ síbẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Ìyálé. Ó wo ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ó fi ìka tọ́ irin tó máa ń dì mú bó bá ń wọlé sínú ọkọ̀, níbi tí mo ti ha ọ̀dà. Ìyẹn nìkan ni Rẹ̀mílẹ́kún kò rí fọ̀ kúrò.

"Ọwọ́ mi nìyí," ni Titus wí jẹ́ẹ́.

Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Olúwọlé. Kí lèyí tó funfun?"

"Omi ni, Ọ̀gá."

"Omi láti ibo?"

"Ìdí fèrè."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́ta kí á tó dúró lórí òkè."

"O ò sọ fún mi."

"Mo sọ. Ẹ ń fọn fèrè."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Titus nà ró. "Fèrè díẹ̀," ó ní. "Fèrè díẹ̀ ò lè dá ọkọ̀ dúró."

"Díẹ̀ kẹ̀?" ni Ọmọ́dára wí. Ó gbé àwo ìrẹsì dání, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ Ìnísà ni. "Bàbá Fọláfúnmi, ẹ má dín in kù o. Ọjọ́ tí ọkọ̀ dúró lórí òkè? Ọjọ́ yẹn ni mo gbà fún yín. Láti ilé tó kángun lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọn ọ́n fún mi. Mo ń gbá àgbàlá wa lọ́wọ́. Mo gbá a láti ìdí kànga dé ẹnu ọ̀nà, mo kó ilẹ̀, mo dà á nù, kò tíì dákẹ́. Bàbá mi ta jí lójú oorun, wọ́n ní, 'Ọmọ́dára, dá ọkùnrin yìí lóhùn, kí ìlú lè sinmi.'"

Ó fi ìgbéraga wo gbogbo wa. Kò mọ ohun tó ṣe.

Ẹ̀rín tó bẹ́ lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Ọ̀fà. Ẹnì kan ṣubú lórí àga. Titus dúró bí òpó. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó wò mí.

"Olúwọlé. Ṣé o sùn?"

"N kò sùn."

"Iná ńkọ́?"

"Ó ń jó."

Ó mi orí. Ó nawọ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní bírò. Ó fa páálí iwájú Ìyálé mọ́ra, ó kọ̀wé sí i, ó sì kà á sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́: *Fáyámàn rẹ̀ kò sùn. Fèrè ni. Èmi Titus ni mo fọn ọ́n.* Ó fọwọ́ sí i bí ẹni fọwọ́ sí ìwé ilé iṣẹ́.

Ó jókòó. Ọmọ́dára bu ẹran kún ìrẹsì mi. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, Rẹ̀mílẹ́kún ti wà nídìí tábìlì. Ó ti fa àkísà tútù yọ nínú ọ̀rá.

"Ìyàwó wa, kí lẹ fẹ́ ṣe?" ni Titus bi í.

"Ẹ má bínú, Alága. Ìlà funfun yìí nìkan ni mo fẹ́ bá yín nù. Òun ló ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́."

Ogójì arúgbó ló fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tíì dìde láìfi ọ̀pá tilẹ̀ láti ọdún márùn-ún.

Mo lọ gba bírò lọ́wọ́ Titus. Mo fi ìlà kan kún páálí náà, lábẹ́ ìfọwọ́sí rẹ̀:

*Ẹ má fọ̀ ọ́.*